Ohùn Ọ̀gá Mi Ló Wà Lẹ́nu Mi

Ìbéèrè: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 27, Ìbarà níhìn-ín ní Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mo sì ń ṣe ní ilé ìwé aládàáni kan. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gbè lẹ́yìn ọ̀gá mi tó ń kọ jùjú. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní maikirofóònù kí n fi orin díẹ̀ ṣí eré kí àwọn fúnra wọn tó jáde. Àwọn èèyàn máa ń jó, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ fún mi lẹ́yìn eré ni pé, 'Ohùn ọ̀gá rẹ gẹ́lẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ.' Ó ń dùn mí. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí orin di iṣẹ́ òòjọ́ mi. Ìgbà wo ló yẹ kí n ṣe é? Báwo ni mo sì ṣe máa rí ohùn tó jẹ́ tèmi?"

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ. Mo kọ́kọ́ kà á láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo tún kà á lóru Sátidé nígbà tí a ti òde kan ní Kútọ̀ dé, tí ẹsẹ̀ ń ro mí, tí oorun ò sì tíì kùn mí. Ibi tó mú mi ni "Ó ń dùn mí." Mo mọ bó ṣe ń rí. Ọdún méje ni mo fi gbè lẹ́yìn ọ̀gá tèmi. Ní ọdún karùn-ún, obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, ó ní, "Ọmọ yìí, bí mo bá dijú, bàbá yẹn gan-an ni mò ń gbọ́." Ó rò pé òun yìn mí ni. Nígbà tí mo délé, mo sunkún.

Ìbéèrè rẹ kejì ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló gbé èkíní dúró. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì tíì ní ohùn tirẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò máa bá jà sí oníbàárà kan náà, owó tí wọ́n á sì fún un kò ní tó ti ọ̀gá láéláé. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀dà ṣe nígbà tí ojúlówó ṣì ń gba iṣẹ́?

Ṣùgbọ́n má kẹ́dùn pé o jọ ọ̀gá rẹ. Bí iṣẹ́ yìí ṣe ń wọra nìyẹn. Bàbá Yusuf Olatunji tí Ẹ̀gbá ń fi sákárà wọn yangàn títí wọ́n fi papòdà ní 1978, inú ẹgbẹ́ Abibu Oluwa ni wọ́n ti jáde. Bàbá Ebenezer Obey wà lọ́dọ̀ Fatai Rolling Dollar kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1964. Shina Peters náà, ọ̀dọ̀ Prince Adekunle, ọmọ Ẹ̀gbá, ló ti kọ́ṣẹ́. Kò sí èyí tó já bọ́ láti ọ̀run pẹ̀lú ohùn tirẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣe ọ́ ni pé ẹnì kan ṣoṣo lò ń wò. Ẹni tó ń wo ẹnì kan yóò jọ ẹni náà. Ẹni tó bá wo mẹ́ta dáadáa, ó máa ṣòro fún aráyé láti tọ́ka sí èyí tó jọ.

Torí náà, láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, mú olórin méjì mìíràn tí kò bá ọ̀gá rẹ tan rárá, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Èmi mú Batile Alake, nítorí bó ṣe máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan balẹ̀ kí òmíràn tó gbéra nínú wákà rẹ̀. Mo tún mú Ayinla Omowura, tó jẹ́ ọkùnrin, tó jẹ́ alápàlà, tí kò sí gìtá kankan nínú orin rẹ̀ tí mo lè fara tì. Mo kọ́ wọn débi pé ibi tí wọ́n bá ti mí ni èmi náà ti ń mí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, nínú ilé, tí aládùúgbò ń bínú sí mi.

Nígbà tí o bá ń ṣe é, ibi tí o kò ti lè ṣe bíi tiwọn ni kí o fetí sí jù. Ibi tí ọ̀fun rẹ kọ̀, tí ahọ́n rẹ gba ọ̀nà mìíràn lọ láìbi ọ́, má tètè tún un ṣe. Ibẹ̀ ni nǹkan rẹ wà.

Jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe ṣẹlẹ̀. Òde ìsìnkú kan ni, ní Lafẹ́nwá, ní nǹkan bíi 1990. Ọ̀gá mi pẹ́ kí wọ́n tó dé, wọ́n sì ní kí n máa bá eré lọ. Kíì (ìyẹn bí orin ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ tó) tí ọ̀gá fi ń kọrin ni èmi náà fi ń kọrin láti ìgbà tí mo ti dé ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá ó bá mi lára mu. Kíì ọkùnrin ni. Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe wà, ohùn mi á lọ sísàlẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ á kú sínú àyà mi. Bí mo bá fò ó sókè, ariwo ni màá máa pa, tó bá sì di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, n kò ní lè kí ará ilé mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá onígìtá wa, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé kíì kúrò níbi tó wà láìsọ fún mi. Mo yanu, mo sì gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ rí. N kò pariwo, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń jáde ní ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a jókòó jẹun lẹ́yìn eré, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe. Wọ́n ní, "Ẹ̀wù ọkùnrin lo ti ń wọ̀ látọjọ́ yìí. Mo kàn bá ọ gé e ni."

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Wá onídùùrù tàbí onígìtá kan láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ òde. Mú orin kan tí o mọ̀ tinú tòde. Kọ ọ́ ní kíì ọ̀gá rẹ, lẹ́yìn náà kí ó máa gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀, dúdú àti funfun lórí kíbọ́ọ̀dù, láìfo ọ̀kankan, títí ọ̀fun rẹ á fi ní ó tó. Fi fóònù gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Má gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Ó di ọjọ́ kejì, kí o wá fetí sí ibi tí o ti dàbí ẹni tó ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ilé rẹ. Kọ orúkọ kíì náà sínú ìwé, kọ orin kọ̀ọ̀kan tí o mọ̀ pẹ̀lú kíì tó bá ọ mu, kí o sì fún onígìtá ní ẹ̀dà kan kí ẹ tó dé òde. Bí wọ́n bá fi kíì ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ fún ọ, ọ̀gá rẹ náà ni wọ́n máa gbọ́.

Ohun kan tún wà tí ìwé rẹ jẹ́ kí n ronú sí. Tíṣà ni ọ́. Láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì lò ń fi ọ̀fun kígbe lé ọmọ kékeré lórí, o wá ń fi ọ̀fun kan náà kọrin mọ́jú Sátidé. Kókó lè hù sára okùn ohùn ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì mọ obìnrin tí ohùn rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ra agogo kékeré kan fún kíláàsì rẹ. Máa mu omi láti àárọ̀ ọjọ́ òde, má dúró di ìgbà tí o bá gun orí ìtàgé. Bí ohùn bá há mọ́ ọ lọ́fun tó sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kí o lọ rí, kì í ṣe ẹni tó ń ta àgbo.

Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹnu rẹ náà. O ní Ìbarà lò ń gbé, o kò sọ ibi tí àwọn òbí rẹ ti wá. Báwo ni ìyá rẹ àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀? Nígbà tí mo bá gbọ́ àwọn ọmọdé olórin ìlú yìí, ó máa ń bà mí nínú jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń sọ Yorùbá kan náà, Yorùbá tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò, tí kò ní ìdílé. Haruna Ishola ti fi àpàlà jọba kí Ayinla tó dé, pẹ̀lú agídìgbo rẹ̀ àti ohùn pẹ̀lẹ́ tó dàbí àgbà tó jókòó sórí àga. Ayinla kò jókòó sórí àga yẹn. Ó mú ọ̀rọ̀ ojú títì Abẹ́òkúta, ó jẹ́ kí ìlù Adewole Oniluola gbóná níwájú, ó sì kọrin bí ẹni tó ń bá ẹnì kan wí. Àpàlà ni ti Haruna, àpàlà ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n o kò ní ṣì wọ́n mú fún ara wọn láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohùn Yorùbá ti ní orin nínú kó tó kan ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ èyí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tú orin ìsìn òyìnbó sí Yorùbá, orin á máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ á sì dàrú. Alùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fela, fi ohùn Yorùbá gan-an ṣe orin ìsìn, wọ́n sì gba orin wọn sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ó ti lé ní 100 ọdún, ẹ̀kọ́ náà kò tíì gbó. Bí o bá wà níbi ìgbéyàwó, tí o kọ "ọkọ", tí ohùn rẹ já lulẹ̀ lójijì, "ọkọ̀" ni ìyá ìyàwó máa gbọ́. Bí o bá gbé e sókè, o ti fi ọkọ́ lé e lọ́wọ́. Kí o tó fi ohùn sí orin tuntun, sọ ọ́ jáde bí ìgbà tí o bá ń bá aládùúgbò rẹ sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ nígbà mẹ́wàá. Gbọ́ ibi tó ti ń gòkè, ibi tó ti ń rọ̀, kí o wá fà á gùn. Orin tí o bá rí níbẹ̀, ẹlòmíràn kò lè kọ́kọ́ rí i, torí ẹnu rẹ ló ti jáde.

Kí o sì lọ jókòó ti àwọn àgbà. Ẹ̀gbá ní ègè, orin ìbílẹ̀ wa. Bí ìdílé yín bá ti Yewa wá, orin bọ̀lọ̀jọ̀ wà níbẹ̀. N kò ní kí o di aṣègè. Mo fẹ́ kí etí rẹ jẹun níbi tí etí ọ̀gá rẹ kò ti jẹun.

Àwọn ọ̀dọ́ tún máa ń bi mí bóyá kí àwọn lú orin púpọ̀ pọ̀ kí ó lè di tuntun. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó kó fújì, rẹ́gẹ̀, gospel àti orin àwọn ọmọ Èkó sínú orin kan ṣoṣo, tí àwọn oníjó dúró tí wọ́n ń wojú ara wọn. Wo àwọn tí tiwọn yọrí sí rere. Bàbá I.K. Dairo mú akọ́díọ̀nù wọnú jùjú, jùjú ló sì ń jẹ́. Shina Peters mú kí jùjú sáré, ó jẹ́ kí ìlù pọ̀ sí i, ó sì mú díẹ̀ nínú ọgbọ́n Fela. Nígbà tí àwo rẹ̀, Ace, jáde ní 1989, ojú ọmọ jùjú náà ni wọ́n fi wò ó, ọmọ tó kàn wọ aṣọ tuntun. Ohun kan tàbí méjì ni wọ́n yí padà, wọ́n sì dúró tì í.

Ti Fela tilẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n bí i ní ìlú yìí ní 1938. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ háíláìfù tó lú mọ́ jáàsì pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos, kò sì jọ àwọn èèyàn lójú tó bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969. Ohun tó rí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, ló yí orin inú rẹ̀ padà. Ó ti lé ní ọmọ 30 ọdún kí ohùn tí ayé mọ̀ mọ́ ọn tó jókòó sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Tony Allen wà nídìí ìlù tó ń lù ú bí ẹnikẹ́ni kò ṣe lù ú rí. Ó dà bíi pé ọdún 27 ń lé ọ nínú ìwé tí o kọ. Kò sí ẹni tó ń lé ọ.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé o ti débẹ̀? Àwọn tó jókòó sídìí tábìlì iwájú kọ́ ni kí o wò. Orúkọ wọn lo ń pè, wọ́n gbọ́dọ̀ jó. Wo àwọn obìnrin tó ń dáná lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo olórin tó wà ní ìlú yìí, iṣẹ́ ló sì wà níwájú wọn. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fi orógùn sílẹ̀ tó wá yọjú láti wo ẹni tó ń kọrin, o ti rí nǹkan. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ níbi òde mìíràn, lórí orin kan náà, máa gbé orin yẹn lọ síbi gbogbo.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

N kò fẹ́ kí o fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ lọ́dún yìí. Jẹ́ kí n fi òde kan ṣírò fún ọ kí o lè rí ohun tí mò ń wò. Àpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ká ní wọ́n pè ọ́ sí ìgbéyàwó ní Ṣàgámù, ẹ jọ fẹnu kò sí ₦500,000. Alárenà tó mú iṣẹ́ wá gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, ₦50,000 ti lọ. Sípíkà àti míkísà tí o yá, ₦120,000. Bọ́ọ̀sì àlọ àti àbọ̀, ₦60,000. Èèyàn mẹ́sàn-án ló bá ọ lọ, ₦25,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ₦225,000 nìyẹn. Oúnjẹ àti omi ojú ọ̀nà, ₦15,000. Ohun tó kù lọ́wọ́ ìwọ tí orúkọ rẹ wà lára bánà ni ₦30,000, o sì ti fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta gbáradì fún un. Àwọn oṣù kan wà tí fóònù kì í dún rárá. Ní áàwẹ̀ Ràmàdáánì àti ní Lẹ́ńtì, mo ti jókòó sílé rí fún ogójì ọjọ́. Nígbà tó bá di oṣù Kejìlá, wọ́n á pè ọ́ sí ibi mẹ́ta lọ́jọ́ kan.

O lè sọ pé owó ìnáfúnni ńkọ́. Èmi náà ti gbára lé e rí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, ka fífọ́n náírà àti jíjó lé e lórí sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. A gbàgbé òfin náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ní 2024 EFCC bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó àwọn gbajúmọ̀ lọ sí kóòtù. Àpótí kan là ń gbé síwájú ìtàgé báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ́ wa sí, á fi í sínú rẹ̀, tàbí kó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àkáǹtì tí a kọ sára rẹ̀. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ la ti ń kà á, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì ń pín in. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ń dá ẹgbẹ́, èmi nìkan ni mò ń kà á nínú yàrá, onígángan mi méjì sì fi mí sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Wọ́n jàre mi.

Bí mo bá ní kí o dúró, n kò ní kí o ká ọwọ́ gbera. Má dá ẹgbẹ́ ńlá sílẹ̀. Wá onígìtá kan àti onígángan kan, kí ẹ di mẹ́ta. Àwọn hótẹ́ẹ̀lì wà ní Ìbarà àti Òkè-Ìlẹ̀wọ́ tó máa ń fẹ́ orin jẹ́jẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì. Ẹni mẹ́ta kò nílò bọ́ọ̀sì, sípíkà kan tó fún yín, ohun tí ẹ bá sì gbà, pípín rẹ̀ kò ní le. Mo nífẹ̀ẹ́ ètò yìí fún ìdí mìíràn tó ju owó lọ. Nígbà tí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, kò sí elégbè tí o lè sá sẹ́yìn rẹ̀, kò sí kíbọ́ọ̀dù tó máa bo ibi tí ohùn rẹ kò dára. Ohun tó bá jáde lẹ́nu rẹ ni wọ́n máa gbọ́. Oṣù mẹ́fà ti irú eré yìí á kọ́ ọ ní nǹkan tí ọdún mẹ́rin ègbè kò kọ́ ọ.

Bí àwọn tó ń pè ọ́ ní orúkọ ara rẹ, kì í ṣe ní orúkọ ọ̀gá rẹ, bá tó ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù fún odidi ọdún kan, láìka oṣù Kejìlá, tí owó ilé àti owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà sì wà ní báńkì tí o kò fọwọ́ kàn án, nígbà náà ni kí o kọ ìwé sí ọ̀gá ilé ìwé yín. Títí di ìgbà yẹn, iṣẹ́ tíṣà kò ba orin rẹ jẹ́. Bàbá I.K. Dairo gẹrun rí, wọ́n kiri aṣọ rí. Sikiru Ayinde Barrister ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì ṣe sójà, kí fújì tó gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Ìwọ tilẹ̀ ní họlidé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún.

Gba ìdajì owó kí ọjọ́ tó pé, kí ó sì wọ àkáǹtì; ìlérí orí fóònù kì í ra epo bọ́ọ̀sì. Àdéhùn ìwọ àti àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà, ẹni tó ni irinṣẹ́, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ohun tí o bá rà fún ẹnikẹ́ni bí ó bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Ọmọ ọdún 15 ni mí ní oṣù Karùn-ún 1980 nígbà tí ìròyìn dé pé Ayinla ti kú. N kò tíì rí kí ìlú yìí dákẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ìjà lórí alùpùpù, láàárín òun àti ẹni tó ti jẹ́ máníjà rẹ̀, ló fa ikú yẹn, nínú ilé ọtí. Gbogbo ìgbà tí èmi àti ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bá fẹ́ sọ pé "a ti mọ ara wa, kí la fẹ́ kọ sílẹ̀", òun ni mo máa ń rántí.

Orin tí o bá ṣe fúnra rẹ, tìrẹ ni lábẹ́ òfin láti ọjọ́ tí o bá ti kọ ọ́ tàbí gbà á sílẹ̀. Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ti 2022 fún ọ ní ẹ̀tọ́ náà títí ọjọ́ ayé rẹ, ó sì fi ọdún 70 lé e fún àwọn ọmọ rẹ. Nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì, alágbàtà kan san owó díẹ̀ fún mi, ó sì gbé téèpù àkọ́kọ́ lọ. Mo fọwọ́ sí ìwé tí n kò kà. Títí dòní, n kò ní ẹ̀dà rere kan nínú orin mẹ́fà tí mo fi ohùn ìgbà ọmọdé mi kọ. Má fọwọ́ sí ohun tí o kò kà. Bí o bá ti ní orin méjì tí o dá lójú, ọkọ̀ ojú irin wà ní Láderin báyìí tó lè gbé ọ lọ sí sítúdíò ní Èkó. Kò sí ìdí láti kó owó gbígbàsílẹ̀ jọ fún orin mẹ́wàá.

Obìnrin ni ọ́, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́. N kì í lọ sí òde alẹ́ láìsí obìnrin kejì nínú bọ́ọ̀sì. Mo máa ń béèrè ibi tí a ó ti pààrọ̀ aṣọ kí n tó gba owó. Oníbàárà tó bá ní kí n wá gba bálàǹsì nílé òun lálẹ́, onígìtá mi ló ń bá mi lọ, ní ọ̀sán. Àwọn kan á pè ọ́ ní agbéraga. Jẹ́ kí wọ́n pè ọ́.

Ó ku ọ̀gá rẹ. Kí o tó gba eré hótẹ́ẹ̀lì kankan, lọ bá wọn nílé, láàárín ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú àgbà kan tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Kúnlẹ̀. Sọ pé o fẹ́ máa ṣe eré ẹni mẹ́ta ní àwọn ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kò ní òde, pé ọjọ́ Sátidé tiwọn ni, pé o kò ní kọ orin wọn níbẹ̀, o kò sì ní fún oníbàárà wọn ní nọ́ńbà rẹ. Bí o bá sì ti sọ ọ́, mú un ṣẹ. Inú lè bí wọn. Inú bí ọ̀gá tèmi fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì fún mi ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan tó ti wà lọ́dọ̀ wọn kí n tó dé ẹgbẹ́. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o dúró di ìgbà tí Ọdún Àjíǹde bá kọjá nítorí òde ti pọ̀ nílẹ̀, dúró, kí o sì máa lo àkókò náà lọ́dọ̀ onídùùrù. Nígbà tí o bá rí kíì rẹ, kọ̀wé sí mi padà, kí o sọ èyí tó jẹ́ fún mi.